Másítà Nínú Maths Láti Ilẹ̀ Ọ̀kun: Ibi Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀ Gan-an

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ìbéèrè kan ló ń wọlé sórí fóònù mi jù báyìí. Àwọn tíṣà tó wà ní Kàbà, àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń sìn ní Ìsánlú àti Mọ̀pà, àwọn tó ti jáde yunifásítì láti bí ọdún mẹ́ta tí wọn ò tíì ríṣẹ́ gidi, gbogbo wọn ló ń bi mí pé "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ṣe másítà nínú maths, báwo ni mo ṣe máa ṣe é?" Kí n tó dáhùn wọ́n á ti fi kún un pé sikọ́láṣíìpù wo ló ṣí báyìí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, owó ò sí nílẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ sikọ́láṣíìpù kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó ń dá àwọn èèyàn wa dúró tí wọ́n bá dé kíláàsì másítà, títí kan àwọn tó fi first class jáde, ni pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ proof, ìyẹn àlàyé tó fi hàn láìsí àní-àní pé ọ̀rọ̀ kan nínú maths jẹ́ òótọ́. Wọ́n lè ṣe integration láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ní kí wọ́n sọ ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí, wọ́n á dákẹ́. Torí náà ẹ tẹ̀lé ètò ìsàlẹ̀ yìí bó ṣe tò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo ibì kankan.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ara yín wò

1. Ẹ wo sátífíkéètì yín. Tó bá jẹ́ second class upper lọ sókè, ọ̀nà ṣí fún yín. Second class lower, àwọn yunifásítì kan á gbà yín, àwọn míì ò ní gbà yín. Third class tàbí HND, PGD (postgraduate diploma) ni ọ̀pọ̀ iléèwé ní Nàìjíríà máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá, ẹ lọ ṣe é, kẹ́ ẹ sì ṣe é dáadáa.

2. Ẹ wo orúkọ yín. Èyí tó wà lórí O'level, tó wà lórí dígírì, tó wà lórí ìwé NYSC, ṣé wọ́n bára mu? Wọ́n ṣì máa béèrè O'level kódà tẹ́ ẹ bá ń lọ fún PhD. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ́kọ tí orúkọ ti yí, ẹ lọ ṣe affidavit ní kóòtù báyìí, ẹ má dúró dìgbà tí pọ́tààlì bá fẹ́ tì.

3. Ẹ kọ orúkọ olùkọ́ mẹ́ta tó mọ̀ yín, tó lè kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún yín, sínú ìwé, kó jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ yín o, ẹni tó kàn mọ ojú yín ò tó. Tẹ́ ẹ ò bá rí mẹ́ta, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ nìyẹn, màá padà síbẹ̀.

Pure àbí applied?

Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé pure (maths tó ń wá ìdí nǹkan fúnra ẹ̀) le, applied (maths tí wọ́n fi ń yanjú ìṣòro ayé) ló ń mówó wá. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Méjèèjì le, méjèèjì sì lè bọ́ èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan tí gbogbo wa mọ̀ ṣàlàyé ẹ̀.

Ṣé ẹ rántí bí omi ṣe kún ní Lọ́kọ́jà ní 2012, tó tún kún ní 2022? Níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé yẹn, ẹni tó ń ṣe applied á mú shallow water equations, ìyẹn equation tí wọ́n fi ń ṣírò bí omi ṣe ń ṣàn, á fi bí ilẹ̀ ṣe ga tó àti bí omi ṣe ń wọlé láti òkè sínú ẹ̀, á wá kọ prógíráàmù tó máa sọ ìgbà tí omi á dé àdúgbò kan àti bó ṣe máa jìn tó. Ẹni tó ń ṣe pure á jókòó ti irú equation yìí, á bi í léèrè ohun mẹ́ta: ṣé solution tiẹ̀ wà? Ṣé ẹyọ kan ṣoṣo ni? Tí nọ́ńbà tí a fi bẹ̀rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, ṣé solution náà á yẹ̀ díẹ̀ ni àbí ó máa fò lọ síbòmíì pátápátá? Jacques Hadamard, onímọ̀ maths ará Faransé, ló to ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sílẹ̀ láyé àtijọ́, kò sì sí ẹni tó ń ṣe applied tó lè sá fún wọn, torí tí ẹ̀kẹta bá lọ jẹ́ "ó máa fò lọ", nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà bá kó jáde fún yín ò ṣeé gbára lé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tiyín: ẹ ya Sátidé méjì sọ́tọ̀. Sátidé àkọ́kọ́, ẹ mú proof kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ bá a jà títí. Sátidé kejì, ẹ mú SIR model, èyí tó pín ìlú sí ẹni tí àrùn lè mú, ẹni tó ti mú, ẹni tó ti san, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ yí nọ́ńbà inú ẹ̀ wò. Èyí tẹ́ ẹ gbàgbé oúnjẹ lórí ẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́: ẹ tún ìpìlẹ̀ mọ

Ilé tí wọ́n fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kọ́ọ̀sì mẹ́rin ni gbogbo másítà maths dúró lé:

- real analysis
- linear algebra, èyí tó ní proof nínú, kì í ṣe ti row reduction nìkan
- abstract algebra, pàápàá group àti ring
- metric space àti topology díẹ̀

Ẹ̀yin applied, ẹ fi differential equations, numerical analysis, àti Python (èdè kọ̀ǹpútà) kún un. MATLAB, prógíráàmù tí wọ́n fi ń ṣírò, gbówó lórí, Octave jọ ọ́ gan-an, ọ̀fẹ́ sì ni.

Báyìí, bẹ́ ẹ ṣe máa kà á ló ṣe pàtàkì jù, ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú theorem kan, ti Stefan Banach, onímọ̀ maths ará Poland, 1922. Ohun tó sọ nìyí: tẹ́ ẹ bá ní complete metric space (ibi tí a ti lè wọn àlàfo láàárín point méjì, tó sì jẹ́ pé sequence tí àwọn point ẹ̀ ń sún mọ́ra wọn títí máa ń rí ibi gúnlẹ̀ sí nínú ẹ̀), tẹ́ ẹ sì ní function kan tó ń gbé point inú ẹ̀ lọ sí point míì nínú ẹ̀, tó jẹ́ pé point méjì yòówù kẹ́ ẹ mú, tó bá gbé wọn tán, àlàfo àárín wọn ò ní ju ìlọ́po k àlàfo ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí k sì jẹ́ nọ́ńbà kan pàtó tó kéré sí 1, a jẹ́ pé point kan wà, ẹyọ kan ṣoṣo, tí function náà ò gbé kúrò níbi tó wà. Ìyẹn ni fixed point.

1. Ẹ pa ìwé dé, kẹ́ ẹ kọ theorem náà fúnra yín. Ẹni tí ò bá lè kọ ọ́ jáde láìwòwé, kò tíì mọ ohun tó ń sọ.

2. Ẹ wá àpẹẹrẹ tó rọrùn jù. f(x) = x/2 lórí gbogbo real number. k jẹ́ 1/2, fixed point ẹ̀ ni 0. Ó tán.

3. Ẹ yọ condition kan kúrò, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa bàjẹ́. Ẹ yọ "complete": ẹ mú f(x) = x/2 yẹn náà, ṣùgbọ́n ẹ fi sórí àwọn nọ́ńbà tó ju 0 lọ títí dé 1, láìsí 0 fúnra ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1, ẹ ó rí 1/2, 1/4, 1/8, ó ń sún mọ́ 0, ṣùgbọ́n 0 ò sí nínú ilé, fixed point ò sí. Ó yá, ẹ dá complete padà, kẹ́ ẹ wá yọ k, kẹ́ ẹ kàn ní "àlàfo gbọ́dọ̀ máa dín kù". Ẹ mú f(x) = x + 1/x láti 1 lọ sókè. Tẹ́ ẹ bá ṣe é, f(x) − f(y) máa jẹ́ (x − y)(1 − 1/(xy)), àlàfo ń dín kù lóòótọ́ ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n fixed point máa fẹ́ kí x = x + 1/x, ìyẹn ni pé 1/x gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, kò sì lè jẹ́ 0 láéláé.

4. Ẹ wá kọ proof. Ẹ fi bírò pupa sàmì sí ìlà tẹ́ ẹ ti lo condition kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí i pé k ló jẹ́ kẹ́ ẹ lè lo geometric series láti fi hàn pé sequence tẹ́ ẹ rí bẹ́ ẹ ṣe ń lo function náà léraléra jẹ́ Cauchy, ìyẹn ni pé àwọn point ẹ̀ ń sún mọ́ra wọn títí, complete ló sì fún un níbi tó máa gúnlẹ̀ sí. Tí condition kan bá ṣẹ́ kù tí kò sí àmì ẹ̀ níbì kankan, proof yín ti ní ihò nìyẹn.

5. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹlòmíì lójú pátákó. Tí kò bá sí ẹnì kankan, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún ògiri.

Ọdún tí mo ṣe másítà tèmi, mo ti ro pé "àlàfo ń dín kù" àti "k kéré sí 1" jẹ́ ohun kan náà. Mo wá sílé ní Ìsánlú lásìkò ọlidé, iná ò sí, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, mo ń ṣe x + 1/x yẹn. Mo fi 1 sí i, ó di 2, mo fi 2 sí i, ó di 2.5, mo fi 2.5 sí i, ó di 2.9, ó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀, àlàfo ń kéré sí i, síbẹ̀ kò dúró. Àlàfo lè dín kù títí, kí ìpín tó ń gbà dín kù sì máa sún mọ́ 1, kó má sí k kan tó lè mú gbogbo ẹ̀. Ìyà ti jẹ mí lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìdánwò kí n tó mọ̀, mi ò fẹ́ kó jẹ yín.

Theorem kan lóòjọ́, exercise mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ tíṣà, ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó lọ sí school, torí tó bá dalẹ́ ara ti rẹ̀ yín.

Ní ti dátà: lecture note àti àsáínmẹ́ǹtì MIT OpenCourseWare wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ dáwùnlóòdù PDF wọn nígbà tẹ́ ẹ bá dé ibi tí nẹ́tíwọọ̀kì dáa, ẹ fi fídíò sílẹ̀, ó ń jẹ dátà. Kẹ́ ẹ sì kọ́ LaTeX, prógíráàmù ìkọ̀wé, báyìí, òun ni gbogbo wa fi ń kọ maths. Overleaf ṣeé lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n tí nẹ́tíwọọ̀kì ọ̀dọ̀ yín bá ń ṣe ségesège, ẹ gbé TeX Live sórí lápútọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Transcript ṣáájú, lẹ́tà tẹ̀ lé e

Ẹ béèrè transcript, ìyẹn ìwé tí máàkì gbogbo kọ́ọ̀sì yín wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan. Tèmi gbà tó oṣù márùn-ún kó tó kúrò níléèwé tí mo ti jáde, mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà kan fáìlì ò sí, ìgbà kejì ẹni tó máa fọwọ́ sí i ò sí lórí ìjókòó. Ìgbà tó fi jáde, ibi tí mo fẹ́ lọ ti ti pọ́tààlì. Ọdún kan gbáko ló lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sanwó ẹ̀ ní kùtùkùtù, ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ gba ẹ̀dà tiyín náà sọ́wọ́.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí: olùkọ́ tó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rùn-ún lọ́dún ò lè rántí yín, ẹ ràn án lọ́wọ́. Bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n sọ ọ́ lórí fóònù nìyí:

"Ẹ káàsán sà. Orúkọ mi ni báyìí báyìí, mo wà nínú kíláàsì functional analysis yín ní 2021, B ni mo gbà, ẹ̀yin náà lẹ bójú tó project mi. Mo fẹ́ béèrè bóyá ẹ lè kọ lẹ́tà fún mi sà. Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó tì í. Mo ti fi CV, transcript àti ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe ránṣẹ́ sí ímeèlì yín."

Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ rán an létí nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà pásítọ̀ àti ti ọba ìlú ò wúlò níbí, ẹ má fi ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì ti jáde tipẹ́ tí ẹnì kankan ò mọ̀ yín mọ́, PGD tàbí másítà nílé kí ẹ tó lọ sókè òkun máa fún yín ní olùkọ́ tuntun tó mọ iṣẹ́ yín.

Ibo lẹ máa lọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbẹ̀ àti àgbègbè Yàgbà, Ìlọrin ò jìnnà sí yín. Ìbàdàn, Ifẹ̀, ABU Zaria, gbogbo wọn ní másítà maths. AUST (African University of Science and Technology) tó wà ní Àbújá ní másítà tí wọ́n dìídì pè ní Pure and Applied Mathematics. Lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Àbújá náà, ní Sheda lẹ́bàá Kwali, ibẹ̀ ni National Mathematical Centre wà, ẹ máa yẹ ìkéde wọn wò fún workshop, torí ibẹ̀ lẹ ti máa pàdé àwọn olùkọ́ láti yunifásítì míì, ibẹ̀ sì ni lẹ́tà ti máa ń wá láìròtẹ́lẹ̀.

Sikọ́láṣíìpù méjì tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ:

- AIMS (African Institute for Mathematical Sciences). Ó bẹ̀rẹ̀ ní South Africa ní 2003, ó ti wà ní Senegal, Ghana, Cameroon àti Rwanda náà. Másítà ni, kò tó ọdún kan gbáko, wọ́n ń san owó iléèwé, ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni kọ́ọ̀sì wọn, ó ń sáré, ẹni tí ìpìlẹ̀ ẹ̀ ò dáa á ṣubú. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù wọn.
- ICTP Diploma, ti International Centre for Theoretical Physics, ní Trieste, Ítálì. Ọdún kan, sikọ́láṣíìpù kíkún, ó wà fún àwa tá a wá láti orílẹ̀-èdè tó ń gòkè bọ̀. Ti maths níbẹ̀ fì sí pure dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló ń gba ibẹ̀ lọ ṣe PhD.

Amẹ́ríkà yàtọ̀: ẹ lè ti dígírì àkọ́kọ́ bọ́ sínú PhD tààrà, wọ́n á máa sanwó fún yín bẹ́ ẹ ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dígírì àkọ́kọ́. Ó máa ń gba bí ọdún márùn-ún. Oṣù December ni ọ̀pọ̀ wọn ń ti pọ́tààlì, April 15 sì ni ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ iléèwé fi fún èèyàn láti dáhùn tí wọ́n bá fún un láyè pẹ̀lú owó. Àwọn kan ṣì ń béèrè ìdánwò kan tó ń jẹ́ GRE Mathematics Subject Test, bí ìdajì ẹ̀ jẹ́ calculus, ìdá mẹ́rin ẹ̀ algebra, ìyókù àwọn nǹkan míì, torí náà ẹ má fojú kéré calculus. Kẹ́ ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù, ẹ kọ ímeèlì sí dípátímẹ́ǹtì pé kí wọ́n bá yín yọ owó náà, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é tẹ́ ẹ bá bẹ̀ wọ́n nítètè.

Jámánì: yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í sábà gba owó iléèwé, ṣùgbọ́n àwọn kan ń gbà á, bí ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg tó ń gba 1,500 euro ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ará EU. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti fi owó ọdún kan pa mọ́ sínú blocked account kí wọ́n tó fún yín ní físà, láti September 2024 ó ti di 11,904 euro. Ẹ ṣírò ẹ̀ sí náírà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí "ọ̀fẹ́ ni Jámánì" yẹn ti jẹ́ kí àwọn kan ta ilẹ̀ bàbá wọn lójijì.

Súpáfáísọ̀ àti àkọlé tísíìsì

Ẹ má gba àkọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìbéèrè. Orí fixed point tí mo fi ṣàpẹẹrẹ yẹn, iṣẹ́ pọ̀ lórí ẹ̀ ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Chidume tó wà ní AUST kó tó kú ní 2021 kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń fi ìlà kan kún iteration (ìṣírò tí wọ́n ń tún ṣe léraléra) àná, wọ́n pè é ní tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni fluid mechanics, ìmọ̀ bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn, wọ́n á yí parameter kan, wọ́n á tún gráàfù yà. Ẹ bi súpáfáísọ̀ pé: "Sà, kí ni a ò tíì mọ̀ tí iṣẹ́ yìí máa jẹ́ ká mọ̀?" Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

1. Ẹ wá orúkọ súpáfáísọ̀ náà lórí zbMATH Open, àkójọ iṣẹ́ maths lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni láti 2021, kẹ́ ẹ wo iṣẹ́ ẹ̀ ọdún márùn-ún tó kọjá.
2. Ẹ wò ó lórí arXiv, ibi tí àwọn olùwádìí ń gbé iṣẹ́ wọn sí lọ́fẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ ka ojú ewé méjì àkọ́kọ́ nínú ọ̀kan.
3. Ẹ wo Mathematics Genealogy Project, ẹ ó rí àwọn tó ti parí lábẹ́ ẹ̀.
4. Ẹ pe ọ̀kan nínú wọn, ẹ bi í pé ọdún mélòó ló lò. Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí

Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa bá yín gba fọ́ọ̀mù AIMS kẹ́ ẹ sanwó, olè ni. Jọ́nà tó ní òun máa tẹ iṣẹ́ yín jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ bá ti sanwó, ẹ sá fún un, ó máa wà lórí CV yín títí, àwọn tó mọ̀ á sì máa wò ó. Ẹ má kọ statement of purpose (ìwé tẹ́ ẹ fi ń sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣe) tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn maths", ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan pàtó tẹ́ ẹ fẹ́ dáhùn. Kẹ́ ẹ sì béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó IELTS, ìdánwò èdè òyìnbó, torí ọ̀pọ̀ iléèwé ló máa gba lẹ́tà pé èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ yín.

Tẹ́ ẹ ò bá lè fi iṣẹ́ sílẹ̀

Ẹ wá èèyàn méjì míì, tíṣà maths ò wọ́n láàárín Kàbà, Ìyàrá àti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Ẹ máa pàdé ní Sátidé kan sí méjì lóṣù nínú kíláàsì tó ṣófo, ẹnì kan á dúró lójú pátákó, àwọn yòókù á máa bi í pé "kí nìdí?" lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe é fún ọdún kan, kẹ́ ẹ tó wá fọ́ọ̀mù.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú fódà yín:

- transcript àti rìsíìtì ẹ̀
- O'level, dígírì, ìwé NYSC, affidavit tó bá yẹ
- pásípọ́ọ̀tù ìrìnnà
- CV ojú ewé méjì, LaTeX ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́
- nọ́ńbà àti ímeèlì olùkọ́ mẹ́ta
- proof ogún tẹ́ ẹ kọ fúnra yín, tí àmì pupa wà lára wọn

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, kò sí iléèwé tó máa béèrè ẹ̀, èmi ni mo ń béèrè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ti Banach tán, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, màá sì fi bírò tèmi náà sàmì sí ibi tó bá ní ihò.